Ebè Kan Tó Yà Sọ́tọ̀

Oko Gbàdàmọ́sí ní gẹ̀gẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin nígbà ayé rẹ̀, wọ́n á wí i lójú rẹ̀, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ebè tí ọkùnrin yẹn bá kọ, á tò gbọọrọ bí ẹni pé okùn ló fi wọ̀n ọ́n, mẹ́sàn-án lórí ìlà kan, mẹ́sàn-án lórí ìlà kejì. Ṣùgbọ́n ìkẹwàá kì í sí lórí ìlà. Ìta ló máa ń wà, á dá dúró lápá ọ̀tún, á tóbi ju àwọn yòókù lọ, bí gẹ̀gẹ̀ tó yọ lọ́rùn èèyàn.

Sàká ni ebè yẹn. Bàbá tó bí Gbàdàmọ́sí ló kọ́ ọ, pé ìdámẹ́wàá ohun tí ilẹ̀ bá mú wá kì í ṣe ti àgbẹ̀, ti aláìní ni. Ẹ sì mọ bí ọkàn ọmọ aráyé ti rí. Bí ọjọ́ ìkórè bá pé, tí a rí ebè tí iṣu inú rẹ̀ ta gidi, ọkàn á ní ká fi ebè tí kò ta dáadáa ṣe ti sàká. Kí ọkàn má baà rí àyè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó tóbi. Mi ò rí irú ẹ̀ lóko ẹlòmíì rí, ì báà jẹ́ ní Ìmùṣin níbí, ì báà jẹ́ ní Ayépé tí wọ́n ti bí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ìdílé wọn nìkan ló ń ṣe é.

Fàtímọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Waris la máa ń pè é. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé mi àti ilé rẹ̀, ohun tí mo bá sì wí nípa rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Gàrí ló ń ṣe. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan dáadáa kó tó yan án, gàrí Ìjẹ̀bú tó jẹ́ Ìjẹ̀bú. Obìnrin kan wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó ní ó ti kan jù. Ìyá Waris ní kó má bínú, ìsọ̀ tó wà lọ́wọ́ òsì yẹn, ṣúgà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ò ní ga, ojú rẹ̀ ò ní rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ máa bá a rẹ́rìn-ín ọ̀hún.

Ọmọ mẹ́ta ló bí, Waris nìkan ló kù. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un lọ sóko. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé mi tí bàbá ń bá ọmọ wí pé ìlà rẹ̀ wọ́. Ọmọ á ní tí ìlà bá wọ́, ṣé iṣu máa mọ̀ ni. Bàbá á ní iṣu ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń wo oko láti òkè, kò sì yẹ ká fi ìwọ́kuwọ̀ọ́ hàn án. Ìyá Waris á dá sí i láti ibi ààrò pé kí wọ́n jẹun ná, Ọlọ́run ti rí oko.

Ṣùgbọ́n oko ò sí lọ́kàn Waris. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àti àwọn alágbàṣe, òun bọ́ sídìí obì. Obì gbànja ló ń rà káàkiri apá Ìjẹ̀bú-Igbó, á dì í sínú apẹ̀rẹ̀, á fi ewé tútù bò ó, á wá bá ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ayman ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bó bá tàjò dé, kì í sọ̀rọ̀ èrè, oko àwọn ará ọ̀hún ló máa ń ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ wọn tẹ́ bí ẹní, ó ní wọn kì í kọ ebè, poro gbọọrọ ni wọ́n ń là láti ìkangun dé ìkangun, ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn sí i. Ìyá rẹ̀ á wò ó, á ní, ẹ̀yin èèyàn, ẹni tó sá fún oko ni, kò rí nǹkan mìíràn sọ.

Ó fẹ́ Mubarakah, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń ránṣọ. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Fatihah. Ọmọ náà ò tíì mọ ìrìn nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ obì lọ tí kò padà.

Lójú ọ̀nà kan lẹ́yìn Máídúgùri ni wọ́n ti dá ọkọ̀ wọn dúró. Ayman ló rí ọ̀nà sá, òun ló wá ròyìn fún wa. Ó ní àwọn agbésùmọ̀mí to gbogbo èrò ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ń bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan pé kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó lè tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n mú un. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kan tí wọ́n fẹ́, Ayman ò parí gbólóhùn yẹn, àwa náà ò bi í. Nígbà tó kan Waris, ó ní òun mọ oko ro. Wọ́n ní kó wọnú ọkọ̀. Ohun tí Ayman gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn kí òun tó ráyè já wọ igbó.

Ọmọ tó sá fún oko, oko náà ló wá fi bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò sunkún lójú wa lọ́jọ́ náà. Ó béèrè lọ́wọ́ Ayman ṣé ó ti jẹun, ó sì lọ gbé oúnjẹ fún un.

Láti ìgbà yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò pè láti gba owó, kò sí ẹni tó sọ pé òun rí i. Ọdún ń gorí ọdún. Alhaji Ìbráhìm, àbúrò Gbàdàmọ́sí, tó jẹ́ olórí ẹbí báyìí, wá pe ìpàdé pé kí wọ́n kírun òkú, kí wọ́n sì ṣe fìdáù fún Waris. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. Mubarakah ló ń wò. Ọmọ kékeré ṣì ni obìnrin náà, ipò tó wà ò sì ní orúkọ. Kì í ṣe opó, kì í ṣe ilémoṣú, ọkọ ò sì sí nílé. Àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ń ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ti sọ pé òun máa fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá kírun, á ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, á sì máa lọ sí ilé ayé rẹ̀. Bí wọn ò bá kírun, kí ló ń dúró dè?

Ìyá Waris jẹ́ kí Alhaji sọ̀rọ̀ tán. Ó wá bi wọ́n pé, "Ta ló rí òkú?"

Ó wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Bí ẹnì kan bá wà láàrin yín tó rí òkú ọmọ mi, kó dìde kó wí. Bí kò bá sí, ẹ ò ní kírun sí alààyè lára nínú ilé yìí."

Bí ìpàdé yẹn ṣe tú ká nìyẹn, ìpàdé mìíràn tó tẹ̀ lé e náà sì tú ká bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bi wọ́n. Mubarakah á jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, á máa fi ẹsẹ̀ wà á kíkankíkan, aṣọ tó yẹ kó rán lọ́sẹ̀ kan, á rán an tán lójúmọ́ kan. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ò jà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàrin wọn nígbà yẹn ò pọ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ iyọ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ omi, wọ́n á sọ̀rọ̀ ilé kéwú Fatihah. Ọ̀rọ̀ Waris, wọ́n á rìn yí i po bí ẹni rìn yí kànga po.

Orí rédíò ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa bàálù náà. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè òyìnbó kan tó ń ti ìjọba wa lẹ́yìn nínú ogun ọ̀hún ti gbé bàálù wá, pé bàálù yìí kì í ju bọ́ǹbù, kì í yìnbọn, fọ́tò nìkan ló ń yà. Ó máa ń fò lókè réré tí ará ilẹ̀ ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ò fọkàn sí i, ìròyìn ogun ti sú mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Waris dá ọwọ́ gàrí tó ń yan dúró, gàrí ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyàwó Bàbá Tiwaladé. Bàbá Tiwaladé yìí, Gilbert ni orúkọ rẹ̀, ó ti bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣiṣẹ́ rí, ẹ́ńjìnì bàálù ló ń tún ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Ìyá Waris gbé gàrí lọ fún wọn, èmi náà bá a lọ, ló bá béèrè lọ́wọ́ bàbá pé irú bàálù wo nìyẹn. Inú bàbá dùn pé wọ́n bi òun. Ó ní iṣẹ́ àtijọ́ ni, láyé ogun Hítílà làwọn òyìnbó àtàwọn tí wọ́n jọ wà ní ìhà kan náà ti ń ṣe é. Ó ní wọ́n á tú gbogbo ìbọn kúrò lára bàálù kó lè fúyẹ́, wọ́n á de kámẹ́rà mọ́ ọn nínú, ẹni tó ń wà á ò sì ní nǹkan tó máa fi gbèjà ara rẹ̀ ju eré lọ. Ó ní ti ìsinsìnyí yàtọ̀, ojú rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni.

Ìyá Waris bi í pé ṣé ó lè rí èèyàn.

Bàbá ní, "Èèyàn, bí èèrà ló ṣe máa rí. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ mọ èèrà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ṣe sórí ilẹ̀, ilé, ọ̀nà, oko, ó ń rí i kedere."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wálé. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù kan bá ń kọjá lókè wa lọ sí Èkó, á gbójú sókè, á ṣe àdúà. Àwa obìnrin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan á ní, "Ìyá Waris, ẹ juwọ́ sí wọn o." Òun á ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ so ìró ara rẹ̀ dáadáa, pé ojú tó wà lókè yẹn, gbogbo nǹkan ló ń rí. Ṣùgbọ́n ó sọ fún èmi nìkan lọ́jọ́ kan pé ọkàn òun ti fúyẹ́ díẹ̀, pé bí èèyàn bá wà lábẹ́ ojú tó ń wò ó, kò tíì sọnù tán.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yí padà, ẹ̀gẹ́ la jọ ń bó ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Fóònù mi dún, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí Wásáàpù. Fọ́tò méjì ni, ìròyìn wà lábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ ibùdó àwọn agbésùmọ̀mí kan nínú igbó. Ameenat ọmọ mi ló kà á fún mi. Ó ní bàálù àwọn òyìnbó yẹn ló ya fọ́tò àkọ́kọ́ kí wọ́n tó ju bọ́ǹbù síbẹ̀, pé ibi tí wọ́n fi àwọ̀ pupa yí po yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ sí. Mo ní kí n fi han Ìyá Waris, torí ọ̀rọ̀ bàálù yẹn. Mo ní, ẹ wò ó, bàálù yín ti rí wọn mú.

Ó fomi ṣan ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìró, ó gba fóònù. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó tóbi sí i. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ fún un, ibi tí wọ́n yí po náà wá kún ojú fóònù, àmì róbótó róbótó tó tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ó ní, "Ràmọ́tà, ebè nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ebè kẹ̀, bọ́ǹbù ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, Ìyá Waris.

Ó ní kí n wo oko tó yí ibẹ̀ ká. Mo wò ó. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní poro gbọọrọ gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n fi òòyà ya irun. Ibi kékeré yẹn nìkan ló rí róbótó. Ó ní kí n ka èyí tó wà lórí ìlà kan. Mo kà á, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó wá fi èékánná rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìkan wà tó dá dúró níta, tó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìparí gbogbo ìlà.

Ẹ̀rín mi dá. Èmi náà mọ oko Gbàdàmọ́sí. Èmi náà ti fi gẹ̀gẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ó pe Mubarakah jáde láti ìdí maṣíìnì. Ohùn rẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ láti ìgbà tí Waris ti lọ. Ó ní, "Ọkọ rẹ wà láàyè. Ó ń kọ ebè. Ó ń yọ sàká, Mubarakah, wò ó, ó ń yọ sàká." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́, ó di itan ìyá ọkọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì jọ ń wo fóònù náà, ìyá ń fi ìka han ìyàwó, eléyìí ni ìlà, eléyìí ni ti sàká. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Inú èmi náà ìbá dùn. Ṣùgbọ́n fọ́tò méjì ni wọ́n fi ránṣẹ́, mo sì ti rí èkejì.

Mo na ọwọ́ pé kí n gba fóònù mi. Ìka Mubarakah ti kàn án. Èkejì yọ.

Ibì kan náà ni. Igi ńlá kan tó wà létí oko náà ṣì wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ti jó. Ibi tí ebè wà di dúdú, ihò ńláńlá ló wà níbẹ̀.

Ìyá Waris wò ó títí. Ó yí fóònù síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ kan ló bọ́ sí. Ó wá bi mí pé, "Ibo ni ebè lọ?"



Lọ́jọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, a gba kẹ̀kẹ́ dé ilé Bàbá Tiwaladé. Ó wọ awò rẹ̀, ó wo fọ́tò méjèèjì pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ó ní àwọn tó ń wo irú fọ́tò báyìí, inú ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọn ò dé igbó rí. Poro ọkà bàbà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ojú wọn á fò ó. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni wọ́n ń wá, ohun tí ọwọ́ èèyàn tò jọ tí kò jọ ti àwọn yòókù.

Ìyá Waris ní ṣé wọn ò rí ebè rí ni.

Bàbá ní bóyá ebè lásán ì bá kọjá lójú wọn. Ó wá ní èyí tó tóbi tó wà níta yẹn, tó wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti rò pé ibẹ̀ ni ẹni tó máa tẹ bọ́ǹbù ìlà náà ń fara pamọ́ sí. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n dájú o, òun kàn ń sọ bí wọ́n ṣe ń ronú.

Ìyá Waris ní, "Ebè sàká ló mú wọn wá."

"Ìyá Waris, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́."

Bàbá bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà mọ́ títí a fi lọ. Ó ṣe ojúṣe rẹ̀, kí n má parọ́. Ó pe àwọn tó mọ̀ ní ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Èsì tí wọ́n fún un ni pé kò sí ẹrú níbẹ̀, kò sí àgbẹ̀, ọ̀tá nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ni bàálù ní tiwọn, kò sí nọ́ńbà tí èèyàn lè pè wọ́n sí.

Ayman ló bá wa rí òkodoro. Alhaji kan ní Máídúgùri tó ń ra obì lọ́wọ́ wọn ló bẹ̀, tó ń bá wọn béèrè ní àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn agbésùmọ̀mí sí. Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsárì, Ayman wọlé, ó ní wọ́n ti rí obìnrin kan. Gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ Ìyá Waris, Alhaji Ìbráhìm wà níbẹ̀, Mubarakah wà níbẹ̀. Wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì. Obìnrin náà ń sọ Hausa, Ayman ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ó ní òótọ́ ni, ọkùnrin Yorùbá kan wà lára àwọn ẹrú tó ń roko níbẹ̀, òun ló máa ń to yẹ̀pẹ̀ jọ róbótó róbótó. Wọ́n ń pè é ní Mai Góòrò, ìyẹn olóbì, torí obì ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó kó wọn lẹ́rú kọ́kọ́ lù ú nítorí yẹ̀pẹ̀ náà, wọ́n ní kó la poro bí èèyàn, ó ní bí ọwọ́ òun ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tí ànàmọ́ tó gbìn ta, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní èyí tó tóbi tó wà níta yẹn, ọkùnrin náà ló sọ fún àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú pé tiwọn ni, kí wọ́n máa wú u nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n, òun ò ní kà á. Ó ní ọmọ òun méjì wà láàyè lónìí, nínú ebè yẹn ni wọ́n ti jẹun.

Ìyá Waris ní kí Ayman bi í, ọjọ́ tí bọ́ǹbù bọ́.

Obìnrin náà ní àárọ̀ ni. Òun lọ pọnmi. Ọkùnrin náà wà lóko. Nígbà tí iná kú, àwọn obìnrin ló sin ín. Wọ́n wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ebè ńlá náà ló ṣẹ́ kù tí kò jó.

Ayman túmọ̀ ìyẹn tán. Alhaji Ìbráhìm bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "Innā lillāhi". Ìyá Waris tẹ̀ síwájú, ó fẹnu sún mọ́ fóònù bí ẹni pé obìnrin náà gbọ́ Yorùbá, ó ní, "O ṣeun tó o rí i."

Ta ló rí òkú? Ìbéèrè tó ń bi wọ́n látọjọ́ yìí, ó ti rí ẹni tó dáhùn.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ń jà nípa fìdáù mọ́. Ọjọ́ ni wọ́n ń jà sí. Alhaji Ìbráhìm ní, nítorí Mubarakah, kí wọ́n kà á pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Waris ló ti kú. Bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, opó ọmọ náà ti tán látọjọ́ pípẹ́, ó lè wọlé ọkọ lọ́la. Ó ní ọmọbìnrin yìí ti jìyà tó. Òótọ́ ló sọ.

Ìyá Waris ní rárá. Ó ní ọmọ òun lo gbogbo ọdún yẹn láyé. Ó ní ó kọ ebè, ó gbìn ín, wọ́n lù ú nítorí rẹ̀, ó bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní wọ́n ti fi bọ́ǹbù gba ẹ̀mí rẹ̀, kí ẹbí má tún fẹnu gba ọdún tó lò.

Àáfà tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ikú bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka opó, kì í ṣe ọjọ́ tó bá rọ èèyàn lọ́rùn. Gbogbo ojú wá yí sí Mubarakah. Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Mo rò pé á bú sẹ́kún, kò sunkún.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ní ọkọ títí di oṣù tó kọjá. Mo máa ṣe opó rẹ̀."

Wọ́n ṣe fìdáù. Kò sí ariwo, gàrí tútù àti àkàrà ni wọ́n fi ṣe sàráà. Mubarakah jókòó sínú ilé, ó wọ aṣọ dúdú, ó ṣe é pé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀ Waris báyìí láti àárọ̀ dalẹ́, mo máa ń gbọ́ wọn láti ìdí ògiri. Nígbà tí opó tán, ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ti fẹ́ ẹlòmíì. Mubarakah bọ́ aṣọ dúdú. Ó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀, ibi tó wà títí di òní nìyẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí tètè dé. Ìyá Waris gba alágbàṣe kan, ọkùnrin tó ti ń bá wọn roko látìgbà ayé Gbàdàmọ́sí. Èmi náà wà níbẹ̀, oko mi ò jìnnà sí tiwọn. Ọkùnrin náà kọ ebè mẹ́sàn-án sórí ìlà, ó bọ́ síta láti kọ ìkẹwàá bó ṣe máa ń ṣe é. Ìyá Waris ní kó dúró.

Ó ní, "Mú un wá sórí ìlà."

"Ìyá, ti sàká ni o."

"Mo mọ̀ pé ti sàká ni. Mú un wá sórí ìlà, má sì jẹ́ kó tóbi ju àwọn yòókù."

Ọkùnrin náà fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó wo èmi, ó wo ìyá. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe máa wá mọ̀ ọ́n nígbà tí ìkórè bá dé. Ìyá Waris ní ẹni tó ni ín mọ̀ ọ́n. Bàálù kan ń kọjá lọ sí Èkó lásìkò yẹn, ohùn rẹ̀ ń dún lókè wa. Kò gbójú sókè wò ó. Ó dúró ti alágbàṣe náà títí ìkẹwàá fi wọ àárín àwọn yòókù.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹ̀gbẹ́ oko yẹn kọjá lọ sídìí ẹ̀gẹ́ mi. Gbogbo ìlà rẹ̀ tò gbọọrọ, kò sí gẹ̀gẹ̀ lára rẹ̀ mọ́. Mo ti dúró wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, mo ti wò ó láti òkè ọ̀nà, mo ti wò ó láti ìsàlẹ̀. Mi ò lè sọ èyí tí í ṣe ti sàká nínú wọn.